Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ni wọ́n máa ń tún ṣe lára afárá tó ti gbó?

Bí ọkọ̀ bá ń sáré lórí afárá Third Mainland l'Ékòó, èrò inú ọkọ̀ á máa gbọ́ "gbì, gbì" lábẹ́ táyà. Ojú ibi tí abala afárá kan ti pàdé èkejì nìyẹn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo síbẹ̀ ni.

Kí nìdí? Kọnkéré máa ń wú bí oòrùn bá pa á, á sì súnkì bí ojú ọjọ́ bá tutù. Bí kò bá sí àlàfo, abala méjèèjì á máa ti ara wọn títí wọn á fi sán. Irin àti rọ́bà ni wọ́n fi ń dí àlàfo náà. Bọ́dún ṣe ń gorí ọdún, táyà á jẹ irin náà, omi òjò á sì ráyè wọlé.

Lórí òpó nísàlẹ̀, rọ́bà pẹlẹbẹ bí ìrọ̀rí ló gbé afárá dúró. Bó bá gbó, jáàkì ńlá ni wọ́n fi ń gbé afárá sókè díẹ̀ kí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ọdún 1990 ni wọ́n ṣí Third Mainland. Ní oṣù keje ọdún 2020, ìjọba ti apá kan rẹ̀ láti tún àwọn àlàfo yìí ṣe. Ọdún 2021 ni wọ́n tó ṣí i padà.

Iná pẹ̀lú máa ń ba afárá jẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, iná jó lábẹ́ Afárá Èkó ní Apọ́ngbọ̀n, wọ́n sì ní láti ti ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná tàbí tí ẹ ń patẹ lábẹ́ afárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀.