Ìtọ́jú Ọmọ Tí Ọpọlọ Rẹ̀ Wú: Ohun Tí Gorakhpur Fi Hàn

Ní agbègbè Gorakhpur, ní ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh ní Íńdíà, ẹnsẹfaláítíìsì, ìyẹn àìsàn tó ń mú ọpọlọ wú, ti ń yọ àwọn ọmọdé lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá nígbà tí òjò bá ti kún oko ìrẹsì. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni wọ́n sọ lórúkọ Jàpáánì: ara ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹyẹ ẹ̀bá omi bí i lékeléke ni fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á ti ń gbèrú, ẹ̀fọn tó ń yé ẹyin sínú omi oko ìrẹsì ló sì ń gbé e wọ ara ènìyàn. Lọ́dún 2005 nìkan, àjàkálẹ̀ náà pa ènìyàn tó lé ní 1,000, ọmọdé sì ni wọ́n jù.

Kò tíì sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tìtorí èyí sọ pé kò sí ohun tí ilé ìwòsàn lè ṣe ti ṣìnà gidigidi, nítorí gìrì tí kò dáwọ́ dúró, èébì tó dí ọ̀nà èémí, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tó ń wú nínú agbárí tí kò lè fẹ̀ wà lára ohun tó ń pa ọmọ, gbogbo wọn ló sì ní ìtọ́jú. Àwọn dókítà ń fi diazepam dá gìrì dúró, wọ́n ń fún ọmọ ní ọ́síjìn, wọ́n ń fa ṣúgà sí i lára, wọ́n sì ń gbé orí ibùsùn sókè díẹ̀ kí agbára wíwú náà lè rọlẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ń yí ọmọ tí kò mọ ara mọ́ padà lóòrèkóòrè kí ara rẹ̀ má baà degbò, iṣẹ́ tí ó yẹ kí a máa yìn ju bí a ti ń ṣe lọ.

Nígbà tí àjẹsára bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006, àrùn ti Jàpáánì dín kù, síbẹ̀ àwọn ọmọ ṣì ń dé pẹ̀lú ibà àti gìrì. Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé scrub typhus, àrùn bakitéríà tí kòkòrò tíntìntín inú koríko ń gbé kiri, ló mú púpọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni doxycycline tàbí azithromycin, oògùn tí kò wọ́n, lè wò ó. Ìdí nìyí tí dókítà kò fi gbọ́dọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru fáírọ́ọ̀sì nígbà àjàkálẹ̀, kí ó tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn, kí ó sì yẹ omi ọ̀pá ẹ̀yìn wò.

Bí ibà ọmọ bá di gìrì, tàbí tí ọmọ ń sùn tí kò ṣeé jí, kí òbí fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ó má ki ṣíbí tàbí àgbo bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù lójú ẹsẹ̀.