Bí Àárín Òṣìṣẹ́ Àti Ọ̀gá Rẹ̀ Yóò Ṣe Gún



Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń jí ní àsùbáà, tí ẹ ń kírun, tí ẹ ń wẹ̀ fún ọmọ, tí ẹ sì ń forí lé ibi iṣẹ́: àwọn kan ní ọsibítù, àwọn kan ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn mìíràn ní ọ́fíìsì tàbí ilé ìtajà. Ẹni tí ó bá ń gba owó oṣù, ó ní ọ̀gá. Bí àárín yín bá gún, iṣẹ́ a yá, ara a sì tù yín. Bí kò bá gún, ìbànújẹ́ a bá yín wọ ilé, ẹ ó máa jágbe mọ́ ọmọ tí kò ṣẹ̀ yín, owó tí ẹ fi ń kún ti bàbá wọn a sì wà nínú ewu.

Àwọn kan gbà pé kí ọ̀gá ṣáà ti fẹ́ràn ẹni, ó parí. Nítorí náà wọn a máa kúnlẹ̀ kí i nígbà gbogbo, wọn a máa gbé ẹ̀bùn lọ sí ilé rẹ̀ nígbà ọdún. Ìbọ̀wọ̀ fún àgbà kò burú. Àṣà wa ni, ẹ̀sìn wa sì fi ọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ọ̀gá lè yí padà bí ojú ọjọ́. Ohun tí kì í tètè yẹ̀ ni àdéhùn tí a sọ ní gbangba, tí a sì mú ṣẹ. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí nìyẹn.

ÀDÉHÙN ÀNÁBÌ MÚSÁ

Ẹ ṣí Àlùkùránì sí Súrà kejìdínlọ́gbọ̀n, láti ẹsẹ 23 dé 28. Ànábì Músá sá kúrò ní Íjíbítì, ó dé ìlú Madiyana láìní owó, láìní ojúlùmọ̀. Ó rí àwọn arábìnrin méjì tí wọ́n ń dá ẹran wọn dúró títí àwọn darandaran ọkùnrin yóò fi kúrò ní ibi omi, ó sì bá wọn fún ẹran náà ní omi mu. Nígbà tí bàbá wọn gbọ́, ó ránṣẹ́ pè é láti san ẹ̀san iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ni ó gba bàbá ní ìmọ̀ràn pé kí ó gbà á sí iṣẹ́, ó sì ka ohun méjì tí ó fi yẹ bẹ́ẹ̀: ó ní agbára, ó sì ṣeé fọkàn tán.

Ẹ kíyè sí bí àdéhùn náà ti lọ. Bàbá sọ pé òun yóò fi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òun fún un ní aya. Ó sọ iye ọdún tí yóò fi sìn: 8 ni, bí Músá bá fẹ́ ṣe é pé 10, inú rere rẹ̀ ni. Ó fi kún un pé òun kò fẹ́ ni í lára. Músá náà kò dákẹ́. Ó tún àdéhùn náà sọ, ó ní èyíkéyìí tí òun bá parí nínú méjèèjì, kí á má ṣe fi ìyà jẹ òun, ó sì fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí. Ibn Abbas, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì wa, sọ pé èyí tí ó gùn jù ni Músá ṣe parí.

Àlejò tí kò ní ilé, tí kò ní ẹbí, ni ó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí, láìsí àfojúdi, láìsí ìbẹ̀rù. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ mọ ohun tí ọ̀gá yín ń retí lọ́wọ́ yín gan-an? Ṣé òun náà mọ ohun tí ẹ̀yin ń retí? Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1974, tí ó wà fún àwọn òṣìṣẹ́ alágbára ọwọ́ àti àwọn akọ̀wé, sọ pé kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kí oṣù 3 tó pé. Ẹ má ṣe tijú láti béèrè ìwé náà. Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ pàṣẹ nínú Súrà kejì pé kí á máa kọ gbèsè tí a dá ìgbà fún sílẹ̀, ẹsẹ náà ni ó sì gùn jù lọ nínú Àlùkùránì.

Ẹ SỌ Ọ́ KÍ Ó TÓ DI Ẹ̀SÙN

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ ìrun. Ká sọ pé obìnrin kan ń tajà ní ilé ìtajà ńlá. Bí ìrun Àyílá bá tó, a yọ́ jáde láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Oníbàárà dé, kò rí ẹni dá a lóhùn. Ọ̀gá wá a títí. Obìnrin náà mọ̀ pé ìrun ni òun lọ kí, ṣùgbọ́n ọ̀gá rò pé ó lọ sùn ni. Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́tà ìkìlọ̀ dé. Ìrun kọ́ ni ó fa lẹ́tà yìí o. Yíyọ́ ni ó fà á.

Kí ni ìbá ṣe? Àkókò Àyílá kò há. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá yẹ̀ kúrò ní àtàrí, ó di Alásárì. Ní ilẹ̀ wa, èyí ju wákàtí 2 lọ. Òfin tí a dárúkọ sì sọ pé ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1. Àlùwàlá àti ìrun gba inú rẹ̀. Nítorí náà, kí ó lọ bá ọ̀gá nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, kí ó wí pé: “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀wọ́ mà, mo fẹ́ máa fi ìṣẹ́jú 15 nínú àkókò ìsinmi mi kírun ọ̀sán. Ìgbà wo ni kò ní pa iṣẹ́ lára? Ẹni tí a jọ wà ní ìdí ọjà ti gbà láti dúró fún mi. Èmi náà yóò dúró fún un nígbà tí ó bá lọ jẹun.” Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í sábà bí ọ̀gá nínú, nítorí ẹ ti ro ti iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tiyín. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Bákan náà ni ti ààwẹ̀. Ọdún ẹ̀sìn wa fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú ju ọdún òyìnbó, nítorí náà ọ̀gá tí kì í ṣe Mùsùlùmí lè má mọ̀ pé Ràmàdáánì ti súnmọ́lé. Ẹ tètè sọ fún un. Bí ó bá sì jẹ́ oyún, ẹ má ṣe dúró títí ikùn yóò fi sọ ọ́ fún un. Òfin yẹn fún aboyún ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ, bí dókítà bá kọ ìwé fún un, àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ tó oṣù 6 yóò máa gba ó kéré tán ìdajì owó rẹ̀. Nígbà tí ó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Àwọn ìjọba kan ń fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

IṢẸ́ TÍ NÁNÀ HADÍJÀ RÁN NI

Ẹ rántí pé obìnrin ni ọ̀gá tí ó gba Ànábì wa Muhammadu (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sí iṣẹ́ òwò. Nánà Hadíjà, oníṣòwò pàtàkì ní Mẹ́kà, gbọ́ ìròyìn òótọ́ rẹ̀, ó sì fi ọjà rán an lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25. Maisara, ìránṣẹ́ Hadíjà, bá a lọ. Ó tajà, ó ra òmíràn bọ̀, èrè sì pọ̀. Hadíjà kò sí níbẹ̀ láti ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n gbogbo ìwà tí ó hù lọ́nà ni Maisara ròyìn nígbà tí wọ́n dé.

Ẹ̀yin náà, ẹ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀gá bí ẹ ti ń ṣe é lójú rẹ̀. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ máa jábọ̀ kí ó tó béèrè. Bí owó bá dín, bí oògùn bá tán, bí ohun èlò bá bàjẹ́, ẹnu yín ni kí ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ rò pé a lè ṣe kún un. Bí ó bá bá yín wí ní gbangba, ẹ má ṣe dá a lóhùn lójú oníbàárà. Ẹ jẹ́ kí inú rẹ̀ rọ̀, kí ẹ wá lọ bá a ní kọ̀rọ̀, kí ẹ ṣàlàyé.

BÍ Ọ̀GÁ BÁ KỌJÁ ÀYÈ RẸ̀

Ìgbọ́ràn ní òṣùwọ̀n. Ànábì kọ́ wa pé a kì í gbọ́ràn sí ẹ̀dá lẹ́nu nínú ohun tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí Ẹlẹ́dàá. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ kọ ìwé èké, tàbí kí ẹ wá bá òun sùn kí òun tó gbé yín ga, ẹ rántí Ànábì Yúsúfù. Ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ fi iná ifẹ̀ẹ́kúfẹ̀ẹ́ lọ̀ ọ́, ó kọ̀, ó ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀; nígbẹ̀yìn ọba fi í ṣe olórí ilé ìṣúra.

Ẹ sọ pé “Rárá, sà” ní ìgbà àkọ́kọ́, láìrẹ́rìn-ín. Ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tí ó sọ sílẹ̀. Ẹ sọ fún ọkọ tàbí òbí yín, ẹ sì sọ fún ẹni tí ó ju ọ̀gá náà lọ, tàbí fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ilé-ẹjọ́ tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní àṣẹ láti gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Sùúrù dára, ṣùgbọ́n kí á dákẹ́ kí ibi máa gbilẹ̀ kì í ṣe sùúrù.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ JẸ́ Ọ̀GÁ

Púpọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ iṣẹ́ tàbí ọmọ ọ̀dọ̀. Anas sin Ànábì wa fún ọdún 10, ó sì jẹ́rìí pé kò fi ìgbà kan ṣíọ̀ òun, kò sì bi òun léèrè rí pé kí ló dé tí o fi ṣe èyí. Ànábì náà ni ó pàṣẹ pé kí á san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀gá yín ṣe dáadáa sí yín, ẹ wo bí ẹ ti ń ṣe sí ẹni tí ó wà lábẹ́ yín.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ bi ọ̀gá yín ní ìbéèrè kan péré: “Nínú gbogbo iṣẹ́ mi, èwo ni ẹ fẹ́ kí n mú ṣíwájú?” Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ kọ ọ́, ẹ ṣe é. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá sọ ohun kan tí ẹ̀yin náà fẹ́. Àdéhùn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.