Ìyá fẹ́ dá wọkọ̀ lọ sí Niamey: ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kí wọ́n tó gbéra

Ìyàwó ọmọ yín bímọ sí Niamey, ìyá sì ti di ẹrù, wọ́n ní àwọn ń lọ wẹ ọmọ. Kò sẹ́ni tó lè sìn wọ́n lọ. Iṣẹ́ ò gbà yín láyè, owó ọkọ̀ ẹnì kan náà lẹ sì rí tù jọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, ó pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń ṣòwò, tí wọ́n sì ń tọ́mọ ní Niamey. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fẹ́ dá lọ bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, ètò kan wà tí ẹ̀yin ará ilé gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó dé gáréèjì.

Àwọn olówó máa ń dá wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá sọdá òkun Àtìláńtíìkì, dókítà àti nọ́ọ̀sì sì máa ń wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì Niamey, awakọ̀ àti kọndọ́kítọ̀ ni, wọn ò sì mọ̀ pé ìyá tó jókòó lẹ́yìn ní àtọ̀gbẹ. Ewu tó wà nínú dídá rìn gan-an nìyẹn. Bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ jù lára ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, á máa làágùn, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Nílé, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ara wọn ò yá. Nínú ọkọ̀, wọ́n á ní ìyá ń tòògbé.

Nítorí náà, ẹ kọ ìwé pélébé méjì: orúkọ wọn, ọjọ́ orí, àìsàn tí wọ́n ní, orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀, nọ́ńbà fóònù yín àti ti ẹni tó ń dúró dè wọ́n. Ọ̀kan wà nínú báàgì, èkejì wà lára wọn. Bí dókítà yín bá lè rí ẹni tó máa kọ ọ́ ní èdè Faransé, ó dára jù, torí Faransé ni wọ́n ń lò nílé ìwòsàn níbẹ̀. Àwọn èrò ọkọ̀ ní tiwọn, Haúsá tàbí Zarma ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ. Ẹ kọ́ ìyá ní ọ̀rọ̀ méjì péré ní Haúsá: "ciwon sukari" ni àtọ̀gbẹ, "hawan jini" ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n, kí wọ́n sì fi ṣúgà oníhóró sínú pọ́ọ̀sì. Ojú máa ń ti àwọn àgbà láti sọ àìsàn wọn fún àjèjì. Ẹ̀yin ni kí ẹ rọ̀ wọ́n.

Láti Cotonou gba Parakou dé Malanville, kí a sọdá odò Ọya sí Gaya, kí a tó gba Dosso dé Niamey, ó lé ní 1,000 kìlómítà. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbàjọba ní Niger lóṣù Keje ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ ẹnu ibodè ti di wàhálà, ẹ wádìí rẹ̀ dáadáa, títí kan ààbò ojú ọ̀nà, kí ẹ tó sanwó ọkọ̀. Oògùn tó lé ní iye ọjọ́ tí wọ́n máa lò, ó kéré tán ti ọ̀sẹ̀ méjì, ni kí wọ́n gbé dání, nínú páálí rẹ̀. Báàgì ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe búùtù.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wá ńkọ́? Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2007 fi hàn pé ìrìn àjò tí èèyàn bá jókòó fún wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè sọ ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ọ̀pọ̀ ìyá kì í sì í mu omi lójú ọ̀nà, torí wọ́n ń ro ibi tí wọ́n máa tọ̀ sí. Àìmomi yìí burú, pàápàá ní oṣù Kẹrin àti Karùn-ún tí ooru Niamey máa ń kọjá 40. Kí wọ́n máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa ju ọrùn ẹsẹ̀ sókè sódò, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ níbikíbi tí ọkọ̀ bá dúró. Ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ bó ṣe máa lò ó lọ́jọ́ ìrìn àjò. Kó má fúnra rẹ̀ dá a dúró o.

Ẹni tó ń gún ínsúlíìnì, kó má gbé e sítòsí gíláàsì ọkọ̀, kó má sì jẹ́ kó kan yìnyín. Bí kò bá sí fíríìjì níbi tó dé, ìkòkò amọ̀ méjì, ọ̀kan nínú èkejì, pẹ̀lú iyanrìn tútù láàárín wọn, máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ.

Niger ń béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, láti ọdún 2016 ló sì ti di ti gbogbo ayé ẹni. Ẹni tó lé ní 60 tí kò gbà á rí gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àrùn yírùnyírùn náà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, torí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń jà níbẹ̀. Lọ́dún 2015, ó pa èèyàn tó lé ní 500 ní Niger. Ibà, ẹ̀fọ́rí líle àti ọrùn gígan ni àmì rẹ̀ lára àgbà. Lára ọmọ jòjòló, ẹ̀yin òbí, ẹ wò ó bóyá kò fẹ́ mu ọmú, tàbí tí àwùjẹ̀ rẹ̀ bá wú.

Ẹni tó bá lọ pàdé ìyá ní ibùdókọ̀, kó wo ẹsẹ̀ wọn méjèèjì kó tó gbé ọmọ fún wọn, kó sì máa wò ó fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó sì ń dùn, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí àyà bá ń dùn wọ́n lójijì tàbí tí èémí ò jálẹ̀, ẹ má dúró rárá: Hôpital National de Niamey wà níbẹ̀, Hôpital Général de Référence náà wà níbẹ̀.