Ta Ni Ó Yìnbọn? Ọlọ́pàá, Rúkèrúdò àti Ìjíhìn Àwọn Aláṣẹ

Bí rúkèrúdò bá bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú kan, tí àwọn ènìyàn sì kú níbẹ̀, gbólóhùn tí ó máa ń kọ́kọ́ dé etígbọ̀ọ́ ará ìlú ni pé ìbọn dún, pé ìbọn ba àwọn kan, pé ẹ̀mí ṣòfò. Yorùbá tí ó dán mọ́rán ni gbogbo wọn, kò sì sí irọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ èdè wo olùwà àwọn gbólóhùn náà. Ìbọn ni ó dún, ìbọn ni ó bà wọ́n, ẹ̀mí ni ó ṣòfò. Ẹni tí ó fi ìka fa ìbọn náà kò sí nínú ọ̀kankan nínú wọn. Ẹni tí ó pàṣẹ pé kí a yìn ín tilẹ̀ tún jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí à ń pè ní ìjíhìn kò ju pé kí a wá olùwà yìí rí, kí a dá a padà sí ààyè rẹ̀, kí a sì bi í léèrè ohun tí ó ṣe.

Ìpànìyàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní Iva Valley, lẹ́bàá Enugu, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, yẹ fún àyẹ̀wò ju ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ lọ, nítorí pé gbangba ni a ti béèrè ìbéèrè náà níbẹ̀, ìdáhùn tí a rí sì wà ní àkọsílẹ̀.

Láti ọdún 1915 ni a ti ń wa èédú ní agbègbè Enugu. Ìjọba amúnisìn ni ó ni ibi ìwakùsà náà, ọkọ̀ ojú irin ni ó sì ń jó èyí tí ó pọ̀ jù nínú èédú ibẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí awakùsà bá ń bá ọ̀gá rẹ̀ jà lórí owó ọ̀yà, ìjọba gan-an ni ó ń bá jà, ìjọba náà ni ó sì ni ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn. Ní ìparí ọdún 1949, àwọn tí ń gé èédú ní inú ilẹ̀ sọ pé ìjọba jẹ àwọn ní owó iṣẹ́ tí àwọn ti ṣe sẹ́yìn, wọ́n sì fẹ́ kí a tún ọ̀yà wọn ṣe. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, tí Okwudili Ojiyi jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, kò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni èyí tí wọ́n ń pè ní welu nwayo ní èdè Igbo, èyí tí ó súnmọ́ kí Yorùbá wí pé ‘ẹ rọra ṣe é’. Wọ́n ń lọ sí ibi iṣẹ́, wọ́n ń wọ inú ihò lọ, ṣùgbọ́n èédú tí ń jáde kò tó nǹkan. Àwọn aláṣẹ lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn awakùsà náà kò kúrò níbẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí àwọn bá jáde, a ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn síta.

Títí di àkókò yìí, ìjà owó ọ̀yà ni. Ojú mìíràn ni ìjọba fi wò ó. Láti ìgbà tí ogun àgbáyé kejì ti parí ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń jà fún òmìnira, pàápàá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Zikist, ti ń kó ìdààmú bá àwọn aláṣẹ. Wọ́n rò pé ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ni ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ èédú. Dínámáìtì tí a fi ń fọ́ àpáta sì wà ní ibi ìwakùsà. Bí ó bá bọ́ sí ọwọ́ àwọn olóṣèlú ńkọ́? Bí ìpinnu ṣe wáyé nìyẹn pé kí a kó o kúrò, kí àwọn ọlọ́pàá tí ó gbé ìbọn sì dáàbò bo àwọn tí yóò kó o. Ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ ti wà fún àwọn awakùsà kí ọlọ́pàá tó fi ojú kàn wọ́n. A kò rán ọlọ́pàá lọ bá òṣìṣẹ́ tí ń béèrè owó rẹ̀. Ọ̀tá ni a ní kí ó lọ ṣọ́.

Òyìnbó ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ F. S. Philip ni ó darí àwọn tí ó lọ sí Iva Valley ní ọjọ́ náà. Àwọn awakùsà péjọ ní iye tí ó pọ̀. Wọ́n fi àkísà pupa so ọwọ́ àti akoto, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó. Philip kò gbọ́ èdè Igbo. Lójú rẹ̀, ijó ogun ni ijó náà, àmì ìjà ni aṣọ pupa, ariwo náà sì ń sọ fún un pé wọn yóò kọlu òun àti àwọn ènìyàn òun láìpẹ́. Àwọn awakùsà, ní tiwọn, sọ pé orin ìṣọ̀kan ni àwọn ń kọ, pé ohun tí àwọn ń wí ni pé ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wa.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí fún ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní èdè. Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín pàápàá, aṣọ pupa kì í sọ ohun kan ṣoṣo. Adóṣù Ṣàngó ń wọ̀ ọ́, jagunjagun ń wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá bi wọ́n léèrè yóò ṣi ìtumọ̀ rẹ̀ mú. Orin bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn òṣìṣẹ́ wa a máa kọrin bí iṣẹ́ bá le, bí ìyà bá pọ̀, bí wọ́n bá ń lọ bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀, tí ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí orin náà ń wí, ìró ẹsẹ̀ àti ohùn nìkan ni ó kù fún un láti fi ṣe ìdájọ́, ìbẹ̀rù tirẹ̀ ni yóò sì bá a túmọ̀ ìyókù. Philip yìn ìbọn, ó sì pàṣẹ kí àwọn ọlọ́pàá yìn ín. Ènìyàn 21 ni ó kú. Àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ jẹ́ 51. Ẹ̀yìn ni ọta ti bá púpọ̀ nínú wọn, èyí tí ó fi hàn pé wọ́n ti kẹ̀yìn sí ọlọ́pàá, tí wọ́n ń sá lọ.

Rúkèrúdò tí ìjọba ń bẹ̀rù wá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìbọn ni. Ó dé Aba, ó dé Port Harcourt, ó dé Onitsha àti Calabar. Ní Èkó, àwọn olóṣèlú tí wọn kì í jókòó pọ̀ tẹ́lẹ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti gbè lẹ́yìn àwọn awakùsà, Dókítà Akinọlá Maja sì ni alága rẹ̀.

Ìjọba yan ìgbìmọ̀ olùwádìí. Sir William Fitzgerald ni alága, R. W. Williams tí ó jẹ́ ọmọ ilé aṣòfin ní Ìlú Ọba wà nínú rẹ̀, S. O. Quashie-Idun wá láti Gold Coast, Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, tí ó padà di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 1958, sì wá láti ilẹ̀ wa. Gold Coast ti mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948 ni ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní Accra yìnbọn lu àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń wọ́de lọ sí ọ̀dọ̀ gómìnà, mẹ́ta nínú wọn sì kú.

Ní ọdún 1950 ni ìròyìn ìgbìmọ̀ Fitzgerald jáde. Kò gbè sẹ́yìn ìjọba pátápátá. Ó sọ pé ìjà òṣìṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà, pé ìjọba ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ òṣèlú, pé ibi tí ó ti ṣìnà nìyẹn. Ní ti Philip, ohun tí ó sọ ni pé ó ṣi ìdájọ́ ṣe. Kò sí ẹjọ́ ìpànìyàn kankan tí a pè é sí.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ‘àṣìṣe’ yìí. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni. Ọmọ tí ó ṣírò tí kò gbà, àṣìṣe ni ó ṣe. Yorùbá mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè ṣe àṣìṣe, pé kò yẹ kí a pa ènìyàn nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ‘ẹ̀bi’ náà. Ẹni tí ó jẹ̀bi ní ẹni tí ó jẹ̀bi sí, àṣìṣe kò sì nílò irú ẹni bẹ́ẹ̀: ó lè wà láàrin ènìyàn àti èrò ọkàn rẹ̀ nìkan. Nígbà tí ìgbìmọ̀ yan ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ohun tí ó ń wọ̀n ni bí ọ̀gá ọlọ́pàá náà ti ronú. Àwọn 21 tí ó kú bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Kí ni òfin wí? Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà ka ènìyàn mẹ́ta sí ìkórajọ tí ó lòdì sí òfin, bí ìṣesí wọn bá mú kí àwọn aládùúgbò bẹ̀rù, pẹ̀lú ìdí, pé wọn yóò da àlàáfíà rú. Bí ènìyàn méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá péjọ tí wọ́n ń ṣe rúkèrúdò, adájọ́ tàbí ọ̀gá ọlọ́pàá lè kéde ní orúkọ ìjọba pé kí wọ́n túká. Bí àkókò tí ó tọ́ bá kọjá tí wọn kò lọ, tí wọ́n sì ń ta kò ọlọ́pàá, ó lè lo agbára láti borí wọn. Bí ẹnìkan bá sì kú nípasẹ̀ agbára bẹ́ẹ̀, òfin kò ní dá ọlọ́pàá náà lẹ́bi. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 náà gbà pé ikú tí ó wáyé níbi tí a ti ń paná rúkèrúdò lè má jẹ́ ìrúfin. Òfin wọ̀nyí ní ìdí tiwọn. Èrò tí ó bínú lè dáná sun ilé pẹ̀lú ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, ọlọ́pàá náà sì jẹ́ ọmọ ènìyàn.

Àmọ́ inú gbólóhùn kan náà tí ó fún ọlọ́pàá ní ààbò ni òfin ti fi ìdíwọ̀n sí i: agbára náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó tọ́, tí kò sì ṣeé má lò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ka ìdajì àkọ́kọ́ gbólóhùn yìí, wọn a sì pa ìwé dé. Bí ẹni tí ó yìnbọn bá ní ẹ̀rù bà òun, ilé ẹjọ́ yóò gbọ́. Ohun tí ó kù láti béèrè ni bóyá ẹlòmíràn tí ó lóye, tí ó wà ní ipò rẹ̀, yóò bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Yóò sì béèrè pé kí ni ó tọ́ nínú ọta tí ó ba ẹni tí ń sá lọ ní ẹ̀yìn.

Ẹni tí ó ránṣẹ́ ńkọ́? Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Bí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kékeré ti rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àwọn àgbà kan náà ni ó sì wí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìlànà tí ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ọwọ́ sí ní Havana, ní ilẹ̀ Cuba, ní ọdún 1990, gba ọ̀nà méjèèjì. Ó ní kí a má ṣe yìn ìbọn láti pa ènìyàn àfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn láti dáàbò bo ẹ̀mí. Ó ní ọlọ́pàá tí ó mọ̀ pé àṣẹ tí a pa fún òun lòdì sí òfin, tí ó sì ní ààyè láti kọ̀ ọ́, kò lè fi àṣẹ náà gba ara rẹ̀ là. Ó tún ní kí ọ̀gá tí ó mọ̀, tàbí tí ó yẹ kí ó mọ̀, tí kò sì dá wọn dúró, jíhìn pẹ̀lú wọn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1978, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ẹ̀hónú hàn nítorí owó tí a fi kún oúnjẹ wọn. A yìnbọn pa àwọn kan ní Èkó àti ní Zaria. Ìjọba ológun yan ìgbìmọ̀ olùwádìí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà parí, a ti fi òfin de ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a ti lé olórí wọn, Ṣẹ́gun Òkéowó, kúrò ní yunifásítì, a sì ti yọ Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí kúrò ní ipò ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó. Àwọn wọ̀nyí ni ó jíhìn. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Ìgbìmọ̀ olùwádìí kì í ṣe ilé ẹjọ́. Ó lè wá òtítọ́ rí, ó lè kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìjọba tí ó yàn án ni yóò gba àbọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ni yóò sì kọ ìwé ìpinnu láti sọ èyí tí òun gbà àti èyí tí òun kò gbà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Doris Okuwobi jẹ́ alága rẹ̀ jábọ̀ fún ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lórí ìbọn tí àwọn ológun yìn ní Lekki ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2020. Ó ní ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó kú níbẹ̀. Kí oṣù náà tó parí ni ìwé ìpinnu ìjọba jáde pé àwọn kò gba èyí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ti gbọ́ lọ sí ilé ẹjọ́, òfin tí ó dá irú ìgbìmọ̀ olùwádìí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí sọ pé ẹ̀rí tí ẹnìkan jẹ́ níwájú rẹ̀ kò ṣeé lò láti fi dá a lẹ́bi, àfi lórí ẹ̀sùn irọ́ pípa. Àwọn ẹlẹ́rìí yóò ní láti tún padà wá, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.