Mọ́tò Tí AC Rẹ̀ Kò Tutù Mọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn onímọ́tò ìlú Ẹdẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti Akódà títí dé Ọjà Tìmì, pé, “Gáàsì AC mi ti tán.” Wọn a tọ oníṣẹ́ AC lọ, òun a sì fi gáàsì sí i. Mọ́tò a tutù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ooru a tún padà dé. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Gáàsì AC kì í tán bí epo pẹtiróòlù ti í tán. Bí ó bá dín, ó jò ni.

Ẹ wo amù tí ó wà ní igun ilé àwọn ìyá wa àgbà. Omi inú rẹ̀ a máa tutù nini, nítorí omi díẹ̀díẹ̀ ń sun jáde lára amọ̀ náà, ó ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń gba ooru lọ́wọ́ omi tí ó kù. Bákan náà ni AC. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí a máa ki gáàsì pọ̀ títí yóò fi gbóná. A sì lọ sínú kọ̀ńdẹ́ńsà níwájú rédíétọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba ooru rẹ̀, tí ó sì di omi. Láti ibẹ̀ ó gba ihò tóóró kan dé ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ó tún gbẹ di gáàsì, ó sì gba ooru inú mọ́tò lọ. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé omi amù ń bá afẹ́fẹ́ lọ, a sì gbọ́dọ̀ máa pọn òmíràn sí i. Ṣùgbọ́n gáàsì mọ́tò ń yípo nínú páìpù tí a dí pa ni. (Omi tí ń kán sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò kì í ṣe gáàsì o; ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín lórí rẹ̀.)

Nítorí náà, kí a tó náwó, ó yẹ kí a fi ojú ara wa wò ó. Bí afẹ́fẹ́ tí ń jáde kò bá lágbára, ó ṣeé ṣe kí eruku ọyẹ́ ti dí asẹ́ afẹ́fẹ́, èyí tí ó wà lẹ́yìn àpótí kékeré iwájú èrò nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Bí ó bá ń tutù nígbà tí mọ́tò ń sáré, tí ó sì ń gbóná nígbà tí ó dúró, ẹ wò bóyá fáànù iwájú ń yí, àti bóyá eruku àti kòkòrò ti bo kọ̀ńdẹ́ńsà. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì rọra fi omi fọ̀ ọ́.

Bí afẹ́fẹ́ bá lágbára ṣùgbọ́n tí ó gbóná, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí ẹlòmíràn tẹ bọ́tìnnì AC. Ẹ ká apá agbádá sókè, ẹ sì jìnnà sí bẹ́líìtì. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, kọ̀mpírẹ́sọ̀ yóò dún “kọ́”, iwájú rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí yí. Bí kò bá dún, ó lè jẹ́ fíúùsì tàbí wáyà, èyí tí í ṣe iṣẹ́ ríwáyà. Ó sì lè jẹ́ pé gáàsì ti dín jù.

Bí gáàsì bá dín ní tòótọ́, ẹ sọ fún oníṣẹ́ náà pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ibi tí ó ti ń jò ná.” Òróró ń bá gáàsì rìn nínú páìpù, oríkèé tí òróró bá rin, tí eruku sì lẹ̀ mọ́, ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ìfóófòó ọṣẹ a máa tú àṣírí rẹ̀. Ẹni tí ń fi gáàsì sí mọ́tò tí ń jò ń pàdánù ju owó gáàsì lọ, nítorí òróró ń bá a jò, kọ̀mpírẹ́sọ̀ a sì gbẹ, a há. Owó òmíràn kì í sì í ṣe kékeré. Lẹ́yìn àtúnṣe, kí ó fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin kúrò nínú páìpù kí ó tó wọn gáàsì sí i.

Orúkọ gáàsì àti ìwọ̀n rẹ̀ wà lára bébà tí a lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. R12 ni mọ́tò àtijọ́ ń lo kí àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 tó mú kí a pa á tì. Ọ̀pọ̀ tí a ṣe láti nǹkan bí ọdún 1995 ń lo R134a, àwọn titun mìíràn sì ń lo R1234yf. A kì í fi ọ̀kan dípò èkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi gáàsì ìdáná sí i nítorí pé ó pọ́ọ́kú, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín lọ́wọ́ rẹ̀. Gáàsì yẹn ń gbiná, páìpù náà sì gba iwájú ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín kọjá, lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù.