Ìbẹ̀wò tàbí Iṣẹ́? Ìrìnàjò Ìyá Àgbà sí Òkè-Òkun láti Tọ́jú Ọmọ-ọmọ

Ìfáárà

Láwùjọ Yorùbá, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kì í dá tọ́jú ìkókó. Ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó máa ń wá bá a gbé fún ìgbà díẹ̀, láti wẹ ọmọ, láti fi omi gbígbóná tọ́jú ara ìyá ọmọ, láti se oúnjẹ, àti láti gbé ọmọ kí ìyá rẹ̀ lè rí oorun sùn. Láyé àtijọ́, ìrìn yìí lè má ju láti agboolé kan sí èkejì lọ. Lónìí, ó ti di ìrìn ọkọ̀ òfuurufú láti Ìbàdàn tàbí Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù àti Houston. Òfin ìwọ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè tí ìyá àgbà ń lọ ya ìbẹ̀wò sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́. Àṣà Yorùbá kò yà wọ́n. Àárín ìyàtọ̀ yìí ni ìyá àgbà dúró sí.

Ohun tí ìkíni ń sọ

Ìkíni méjì ló hàn gbangba lórí ọ̀rọ̀ ìbímọ. “Ẹ kú ewu ọmọ” tọ́ka sí ewu tí a là kọjá. “Ẹ kú ọwọ́ lómi” tọ́ka sí iṣẹ́: ọwọ́ tí kì í gbẹ nítorí aṣọ ìkókó tí a ń fọ̀ àti omi ìwẹ̀ tí a ń pò. Èyí fi hàn pé Yorùbá ka ìtọ́jú ọmọ sí iṣẹ́ gidi tó yẹ kí a kíni fún. Síbẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ olówó oṣù. Bí a bá fún ìyá àgbà ní aṣọ àti owó nígbà tó ń padà sílé, ẹ̀bùn ìmoore ni, a kì í dúnàádúrà lé e lórí.

Ohun tí òfin ń sọ

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àlejò kì í sábà lò ju oṣù 6 lọ lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Ìlànà ìjọba ibẹ̀ gba mọ̀lẹ́bí láàyè láti wá tọ́jú ọmọ fún ìgbà kúkúrú, bí kò bá ti di iṣẹ́ agbàtọ́ tí a gbà á sí. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, oṣù 6 ni a sábà máa ń fún ẹni tó wá ṣe ìbẹ̀wò, a kò sì fàyè gbà á láti gba iṣẹ́. Nítorí náà, gbólóhùn tí kò ní àbùkù kankan nílé, “Mo fẹ́ lọ bá ọmọ mi gbọ́mọ,” lè di ohun tí òṣìṣẹ́ ẹnubodè yóò máa fi ìbéèrè tú wò.

Ìdí tí àwọn ọmọ fi ń pe ìyá wọn kò ṣòro láti rí. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1993 fún àwọn òṣìṣẹ́ tó bá yẹ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12 láìsí owó oṣù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìsinmi ìbímọ lè tó ọ̀sẹ̀ 52, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 39 péré ni owó tí òfin là kalẹ̀ fi ń wọlé. Lẹ́yìn èyí, owó ìtọ́jú ọmọ lọ́dọ̀ agbàtọ́ lè gbé èyí tó pọ̀ nínú owó oṣù ìyá.

Ìmọ̀ tó bá ẹrù lọ

Ìyá àgbà kì í di òrí, kànìnkànìn àti ọ̀já nìkan sínú àpótí. Ìmọ̀ bá a lọ, ìmọ̀ náà a sì máa kọlu ti ibòmíràn. Nílé, a lè fún ìkókó ní omi tàbí àgbo. Àwọn elétò ìlera ń sọ pé ọmú ìyá nìkan ti tó fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Ìyá àgbà mìíràn a fẹ́ kí ọmọ fi ikùn sùn. Láti ọdún 1991 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti 1994 ní Amẹ́ríkà ni ìpolongo ti ń kìlọ̀ pé ẹ̀yìn ni kí a fi ọmọ tẹ́ sílẹ̀ nígbà oorun. Ìyá ọmọ ló ń wà láàárín: kò fẹ́ já ìyá rẹ̀ kulẹ̀, kò sì fẹ́ fi ọmọ wewu.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í bá a jiyàn lé lórí, èyí ni èdè. Ọmọ tí a ń ki ní Àjọkẹ́ tàbí Àkànní bí a ti ń wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ ń gbọ́ ohùn Yorùbá kí ó tó mọ̀ pé èdè mìíràn wà.

Ohun tó ń ná ìyá àgbà

Òwe ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìrìnàjò yìí yí òwe náà po. Òkété tó dàgbà tún ń padà sẹ́nu iṣẹ́ ìyá, ní ilé tí kò mọ ọ̀nà rẹ̀, nínú òtútù, nígbà tí tọkọtaya ti jáde lọ síbi iṣẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ọjà rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ ń dúró dè é nílé. Bí ọmọ mẹ́ta bá wà ní ìlú mẹ́ta, ìrìn kan lè máà tíì parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Nígbà tí ìwé ìrìnnà pe ìyá àgbà ní àlejò, iṣẹ́ rẹ̀ fara sin fún ìjọba. Nígbà tí ẹbí bá pè é ní ìyá lásán, iṣẹ́ náà tún lè fara sin fún wọn. “Ẹ kú ọwọ́ lómi” kò jẹ́ kí ó fara sin. Ìyá ọmọ nìkan kọ́ ni ìkíni náà tọ́ sí. Ó tọ́ sí ìyá àgbà tó fò kọjá òkun pẹ̀lú, àti ìsinmi tó yẹ kí ó tẹ̀lé e.