Ṣé O Mọ̀? Àyè Ọmọ Rẹ Wà Nílé-Ìwé Àdúgbò

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1953 ni àwọn míṣọ́nnárì Sudan United Mission dá ilé-ìwé àwọn ọmọ afọ́jú sílẹ̀ ní Gindiri, ní ìpínlẹ̀ Plateau? Òmìnira Nàìjíríà ṣì ku ọdún méje.

Ṣé o mọ̀ pé Plateau ti ṣòfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ akàndá ẹ̀dá láti 1981? Oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ń gbé Kabong, ní Jos North, kò gbọdọ̀ gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ṣé o mọ ohun tí òfin 2019 wí? Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ akàndá ọmọ títí dé girama. Gbogbo ilé-ìwé ìjọba ló gbọ́dọ̀ gbà á, kì í ṣe ilé-ìwé adití tàbí ti afọ́jú nìkan. Ó kéré tán, ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀kọ́ àwọn akàndá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Òfin náà tún fi Braille àti èdè ọwọ́ kún ẹ̀kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì.

Ṣé o mọ ibi tí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń jáde? Nínú Jos gan-an, ní Yunifásítì Jos.

Ṣé o mọ̀ pé nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo, a máa ń rí èyí tó jẹ́ pé ojú ni kò ríran tó, tàbí etí ni kò gbọ́ dáadáa? Èyí ló ń dùn mí jù. Wo ọmọ afín: pátákó máa ń ṣe bàìbàì lójú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì máa ń ta á lójú. Gbé e síwájú, jẹ́ kó kẹ́yìn sí fèrèsé, fún un ní ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Ọmọ tí etí ń dà láàmú ńkọ́? Kí tísà kọjú sí i kó tó sọ̀rọ̀, kó má máa bá pátákó sọ̀rọ̀. Èló ni ìyẹn ń náni?

Ṣé o mọ̀ pé láti 2017 ni JAMB ti ní ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdánwò fún àwọn afọ́jú, tí Jos sì wà lára ibùdó rẹ̀?

Òbí akàndá ọmọ tó wà ní Kabong, mú ọmọ rẹ dání lọ sí ilé-ìwé ìjọba tó sún mọ́ ọ jù. Bi ọ̀gá ilé-ìwé pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tísà wo ni yóò máa mójú tó ọmọ mi?" Bí wọ́n bá ní kò sí, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ akàndá ẹ̀dá ní ìpínlẹ̀ Plateau. Má dá ọmọ náà padà sílé.